Ẹ Wo Inú Sáfà Kí Ẹ Tó Dá Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Lẹ́bi

Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ìbáà ṣe Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, ìbáà ṣe Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ìbáà ṣe Abẹ́òkúta tí ó fi ẹ̀yìn ti Olúmọ, tí ènìyàn kò ti ní rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbájú mọ́ fóònù, tàbí tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde tàbí lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ku wákàtí díẹ̀ kí ó parí. Wọn a tẹ bọ́tìnnì, ìkànnì a dákẹ́ lọ gbári. Wọn a tún un tẹ̀, ojú fóònù a funfun báláú. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí wọn kò rí nǹkan kan ṣe, tí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn kan náà ni tọmọdé tàgbà yóò fún yín, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Àwọn tí wọ́n ni ìkànnì náà gan-an a sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn a bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n má bínú, èrò ni ó pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá ọjọ́, tí wọ́n sì pe èrò náà wá.

Èmi kò sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tí à ń pè ní WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, tí iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́, mọ̀ dájú pé ọ̀nà lè dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìkànnì kan ṣoṣo bá dákú, tí WhatsApp ń lọ, tí Facebook ń ṣí, tí fídíò YouTube sì ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí fóònù kan náà, lọ́wọ́ ọmọ kan náà, kò yẹ kí a tún máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri ojú ọ̀nà: inú ilé ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà. Èrò ọkàn mi, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí bá mi gbé yẹ̀ wò, ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì tí ń dákú lójú wa ni kì í ṣe àìlówó ni ó ń ṣe wọ́n, kì í sì í ṣe àìní ẹ̀rọ ńlá. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké kan tí a kọ sínú sáfà lọ́jọ́ tí a gbé e kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà yẹ̀ wò mọ́, ni ó ń fún wọn lọ́rùn.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, òun sì ni ó ń dá gbogbo ẹni tí ó bá kàn sí ìkànnì náà lóhùn. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí oríṣiríṣi ètò tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan a máa gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, òmíràn a máa ṣe ìṣirò, òmíràn a sì máa tọ́jú orúkọ àti àkọsílẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó ní fáìlì kan tí a kọ òfin rẹ̀ sí, iye ènìyàn tí yóò dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, iye àyè tí yóò lò nínú ìrántí ẹ̀rọ, tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò fi dúró de ẹni tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò wọ̀nyí kò mọ ẹni tí yóò lò wọ́n, wọn kò sì mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti tóbi tó; nítorí náà nọ́ńbà tí kò ní pa ẹ̀rọ kékeré lára ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn pé kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un tò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí ń ṣe, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ìyá alámàlà kan tí àyè inú rẹ̀ gba ọmọbìnrin mẹ́wàá tí ń bu oúnjẹ. Bí ìyá náà bá fi ọmọ méjì péré síbẹ̀, èrò yóò tò dé títì nígbà tí àmàlà ń tutù nínú abọ́ tí àyè sì ṣófo; bí ó bá sì kó ogójì ọmọ sínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, wọn yóò máa fi ìgúnpá gbún ara wọn, ìkòkò ọbẹ̀ yóò di ohun tí a gbé lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí àyè lè gbà wọ́n, gbogbo ẹni tí ó bá sì fẹ́ bu ẹyọ ṣíbí ewédú kan yóò máa sáré lọ sáré bọ̀, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ méjì kò sàn, ogójì kò sàn. Ẹni tí ó bá wọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé mẹ́wàá ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí pẹ̀lú Apache, ètò agbàlejò tí ó ti wà láti ọdún 1995, tí ìkànnì tí kò lóǹkà sì ń gbé lórí rẹ̀ títí di òní. Bí a bá lò ó lọ́nà àtijọ́ tí a ń pè ní prefork, tí a kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, òṣìṣẹ́ 256 ni yóò gbìyànjú láti pè jáde nígbà tí èrò bá kún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan ní ìrántí 8 GB, kí a yọ 2 GB sílẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ mìíràn, kí ó ku 6 GB. Ká ní òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ 64 MB, èyí tí kò ṣàjèjì rárá fún ìkànnì tí a fi èdè kọ̀ǹpútà PHP kọ. Bí a bá pín in, òṣìṣẹ́ 96 ni àyè gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó wà nínú fáìlì ni 256, òṣìṣẹ́ 256 yóò sì béèrè fún 16 GB. Níbo ni ẹ̀rọ náà yóò ti rí i? Orí dísíìkì ni yóò sá lọ, tí yóò máa kó nǹkan lọ síbẹ̀ tí yóò sì máa kó o bọ̀, dísíìkì kò sì yára rárá bí ìrántí ti yára. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ó yẹ kí ó gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lè wá gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ìwé ìtọ́sọ́nà Apache fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe jẹ́ kí sáfà dé ibẹ̀ láé, ó sì kọ́ wa ní bí a ti í pín ìrántí sí iye òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ràn, tí ó sọ 256 di 90, yóò rí ohun ìyanu: ó dín òṣìṣẹ́ kù, ìkànnì sì yára sí i.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ètò oníṣirò tí a ń pè ní PHP-FPM a máa wá pẹ̀lú fáìlì kan tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 5 péré, ìyẹn ni pé ènìyàn márùn-ún ni yóò dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn yòókù tò sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń fi ọwọ́ sí ìwé owó ronú sí èyí dáadáa: bí nọ́ńbà náà bá ṣì jẹ́ 5, tí ẹ ta ẹ̀rọ 8 GB nù, tí ẹ ra èyí tí ó ní 64 GB, ènìyàn márùn-ún náà ni yóò ṣì máa dá lóhùn. Owó ti lọ, ẹ̀rọ tuntun ń tàn yanran nínú yàrá òtútù, ìtò èrò kò sì dín ní ẹsẹ̀ kan. Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Rírà ẹ̀rọ tuntun kì í sì í ṣe oògùn nọ́ńbà tí a kò tò.

Èyí tí ó tún fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀ràn dídúró. Nígbà tí sáfà bá ti dá ẹnì kan lóhùn tán, kì í ti ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni náà lè tún fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn. Apache a máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 bí a kò bá yí i padà. Ní ọjọ́ tí àlejò kò pọ̀, ìwà ọmọlúàbí ni èyí jẹ́. Ní ọjọ́ tí èrò pé bí omi, ìyà ni: bí iṣẹ́ ẹnì kan bá gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tí òṣìṣẹ́ sì fi 5 dúró lásán, òṣìṣẹ́ 90 kò lè gbà ju ènìyàn 16 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìdúró náà di 1, ènìyàn 60 ni àwọn òṣìṣẹ́ 90 kan náà yóò gbà. A kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Nọ́ńbà kan ni a yí padà.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé náà ní ti rẹ̀. MySQL, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì wa ń lò, kò gbà ju ìsopọ̀ 151 lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. PostgreSQL kò gbà ju 100 lọ. Ẹni tí ó bá gba òṣìṣẹ́ 256 síwájú ilé, tí ilé ìkó-nǹkan-sí sì ní ilẹ̀kùn fún 151 péré, ti pe àwọn yòókù wá gba èébú. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni wọ́n ń fi 128 MB péré ṣe àyè ìrántí tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ní 64 GB. Ìwé ìtọ́sọ́nà PostgreSQL gbà wá níyànjú pé kí a fi nǹkan bí ìdámẹ́rin ìrántí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un bí kò bá sí iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo àlàfo tí ó wà láàárín 128 MB àti 16 GB tí í ṣe ìdámẹ́rin 64 GB, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ó yẹ kí a bá wí.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí ká mi lára ni pé ìdádúró a máa bí ìdádúró. Láti ọdún 1993 ni Jakob Nielsen, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìdáhùn kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ, èrò ọkàn ènìyàn kì í já. Bí ó bá ti di 10, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Kí ni ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ yóò ṣe? Yóò tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ní ojú sáfà, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti di ẹni mẹ́ta, nígbà tí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń jẹ àyè nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ owó ni ó ń san, ó lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí wọ́n tò ìkànnì náà kò ṣí ètò tí ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ó tó rìn, tí wọn kò sì sọ fún fóònù pé kí ó pa àwòrán àti àmì ilé-iṣẹ́ mọ́ dípò kí ó tún un gbà ní gbogbo ìgbà, dátà tí ọmọ náà fi owó oúnjẹ rà ni a ń jó níná. Ìlà díẹ̀ nínú fáìlì ni yóò dín ẹrù ọ̀rọ̀ kíkọ kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jìnnà sí ìlú ńlá, tí wọ́n ń fi dátà 100 MB ṣọ́ oṣù jẹ, ni wọ́n ń san owó ọ̀lẹ ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà, tí kò sí ohun tí owó lè rà tí kò lè rà, ṣí ìkànnì HealthCare.gov kí àwọn ará ìlú lè fi ra adójútòfò ìlera. Ní ọjọ́ kìíní náà, ènìyàn 6 péré ni ó forúkọ sílẹ̀ dé òpin. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ náà tú u fó pé nígbà tí wọ́n fi àfarawé ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn dán an wò lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, ó ti ṣubú, síbẹ̀ wọ́n ṣí i. Wọ́n wá pe àwọn ògbóǹtarìgì wọlé, lára wọn ni Mikey Dickerson tí ó wá láti Google. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wo bí ìkànnì náà ti ń mí. Ohun mìíràn ni pé ohun tí ó yẹ kí a pa mọ́ sítòsí fún ìlò kíákíá, inú ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé gan-an ni a ti ń lọ wá a ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún àtò ilé náà tò, wọ́n sì tún àṣìṣe tí ó lé ní 400 ṣe. Nígbà tí oṣù kejìlá fi wọlé, ìdáhùn tí ń gba ìṣẹ́jú àáyá 8 kò gba tó 1 mọ́, ìkànnì náà sì lè gba ènìyàn 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù méjì ni wọ́n fi tún ohun tí ìdánwò gidi ìbá ti fi hàn wọ́n ṣe.

Nílé níbí, ìyà tí ó wà nínú àìbojútó sáfà ti hàn sí wa ní ọ̀nà tí ó burú ju ìdádúró lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB, àjọ tí ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbé èsì ìdánwò náà, UTME, jáde, nínú àwọn ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.9 tí wọ́n ṣe é, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ni kò gba tó 200 nínú 400. Igbe ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà jáde síta, ó sì sọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè pé àtúnṣe kan tí a fi sí àwọn sáfà apá kan ni a kò fi sí àwọn sáfà tí ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó ìdánwò 157 ni ó kàn; ọmọ 379,997 ni ó jìyà rẹ̀, 206,610 ní Èkó, 173,387 ní agbègbè Òwèrè tí ó kó ìpínlẹ̀ márùn-ún náà pọ̀. Ọkùnrin náà sọkún níwájú gbogbo ènìyàn, ó gba ẹ̀bi náà sí ara rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Mo yìn ín, nítorí kò dá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lẹ́bi, kò sì pe àwọn ọmọ ní ọ̀lẹ nígbà tí ó ti rí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn kò pa ẹ̀kọ́ rẹ́: ohun tí ó wà nínú sáfà kan kò bá ti èkejì mu, a kò sì mọ̀ títí tí ẹkún fi gba ìgboro.

Mo mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan yóò sọ pé nọ́ńbà nìkan kọ́, pé bí a bá kọ ètò ìkànnì náà ní ìkọkúkọ, kò sí àtò tí ó lè gbà á là. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rọ kéré ní tòótọ́. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó ń ṣe wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a kò bá wọn nǹkan kan? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa lápálápá. Ìmọ̀ náà kò sì ṣọ̀wọ́n: láti ọdún 1999 ni Dan Kegel ti ń kọ̀wé nípa bí sáfà kan ṣoṣo yóò ti ṣe gba ènìyàn 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó sì di ọdún 2004, Igor Sysoev ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti fi ètò agbàlejò nginx fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ṣe é. Ẹ̀rọ ìdánwò bíi JMeter, tí ń ṣe bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Àìsàn tí oògùn rẹ̀ ti wà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò yẹ kí ó máa pa wá mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ ìjọba, àwọn yunifásítì, àwọn ilé ìfowópamọ́ àti gbogbo ẹni tí ó ń pe èrò wá sí orí ìkànnì kò le rárá. Ẹ mọ iye ènìyàn tí yóò wá, nítorí ẹ̀yin ni ẹ forúkọ wọn sílẹ̀. Kí ẹ sì fi ìlọ́po méjì iye náà dán sáfà wò kí ọjọ́ tó pé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ kọ gbogbo àtò inú sáfà sílẹ̀ sí ojú kan, kí ó jẹ́ pé ohun tí a bá fi sí ọ̀kan ni ẹ̀rọ yóò fi sí gbogbo wọn, kì í ṣe pé kí ọwọ́ ènìyàn máa lọ láti orí ọ̀kan sí èkejì títí tí yóò fi gbàgbé apá kan orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe san owó fún agbaṣẹ́ṣe nítorí pé ìkànnì rẹ̀ dára lójú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó gbọ́dọ̀ dá iye ènìyàn báyìí lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá báyìí, kí ẹ sì mú apá kan owó rẹ̀ dání títí yóò fi ṣe é. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe olùtọ́jú sáfà, ẹni tí ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní ìpàdé, tí owó oṣù rẹ̀ tó o jẹ, tí ó sì lè sọ fún ọ̀gá pé kí a má ì tíì ṣí i, kí ọ̀gá sì gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń san owó fọ́ọ̀mù, tiyín náà wà níbẹ̀. Ìkànnì tí a fi owó yín kọ́ kì í ṣe àánú tí a ṣe yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n ni ín, ẹ bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ènìyàn: ìgbà wo ni ẹ dán sáfà yín wò kẹ́yìn, ènìyàn mélòó ni ẹ fi dán an wò, ta sì ni ẹni tí ẹ fi ṣọ́ ọ? Àjọ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì ṣe tán láti pe ọmọ ẹnikẹ́ni wá.